Ta Ló Ń Jẹ Èrè Omi Yìí?

Lọ́jọ́ tí mo gbé màámi lọ wo omi Niagara, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọn ò kọ́kọ́ béèrè bí omi náà ṣe ga tó. Iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n béèrè. Mo ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wọlé kì í san kọ́bọ̀, pé owó ibi tí a gbé ọkọ̀ sí nìkan la san yẹn. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wo èrò tó ń rọ́ wọlé: àwọn ará Íńdíà tó wọ sárì, àwọn ará Ṣáínà tó ń tẹ̀ lé obìnrin kan tó na àsíá pupa sókè, àwọn ọmọ iléèwé tó ń pariwo. Wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́? Gbogbo èyí? Ta ló wá ń jẹ èrè rẹ̀?"

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Iléṣà la ti wá, òṣómàáló sì ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Bàbá àgbà a máa gbé aṣọ láti ìlú kan dé ìkejì, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ọmọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ "ọ̀fẹ́" kó má tú ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wò.

Èmi rò pé mo ní ìdáhùn. Buffalo ni mò ń gbé, kò ju nǹkan bí 20 máìlì sí omi yìí, kò sì sí àlejò láti ilé tí n kì í gbé lọ síbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ará Abẹ́òkúta náà nìyẹn: bí àlejò ò bá dé, ta ní ń gun Olúmọ? Mo ti ka àwọn pátákó ibẹ̀ débi pé wọ́n lè gbà mí ṣe afinimọ̀nà. Síbẹ̀, ìbéèrè òṣómàáló yẹn mú kí n tún gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ya màámi lẹ́nu ni ibi tí a gbà yọ sí omi náà. Wọ́n mọ Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀, ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wàá ti gbọ́ ohùn omi nínú igbó kó o tó rí i, wàá gbójú sókè wò ó, tí ẹsẹ̀ bá sì gbé ọ, wàá máa pọ́n òkè láti ipele kan dé èkejì. Méje ni ipele náà, orúnkún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í gbà wọ́n ju ìkejì lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló rí omi náà nígbà tó ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ ìlú Ẹ̀rìn dó. Òun náà ní láti jẹ́ ẹni tó gbójú sókè.

Ní Niagara lápá Amẹ́ríkà, òkè lo ti ń wá. Koríko gbẹrẹgẹdẹ, igi, odò tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, lójijì odò ò sí mọ́. Ibi tí omi ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ gan-an lo dúró sí. Màámi di irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà etí omi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi náà kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ rọra tẹ̀ kọjá etí àpáta, ó nípọn, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, bí ìgbà tí aláṣọ bá ń tú ìgàn aṣọ sílẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó di funfun, tí ìrì rẹ̀ ń fọ́n padà sókè, tí òṣùmàrè sì yọ nínú rẹ̀. Irin tí wọ́n dì mú tutù, etí gèlè wọn ti ń rin. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ la gbà wọlé. A ò tíì kí i lójú."

Ní ti gíga, ẹ má retí ìyanu. Louis Hennepin, àlùfáà tó bá àwọn Faransé rìn débẹ̀ ní 1678, kọ ọ́ sínú ìwé pé omi náà ga ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Kò tó 200. Arìnrìnàjò tó délé tí kò bù mọ́ ọn, ọ̀wọ́n ni. Bí omi náà ṣe pọ̀ ni kí ẹ wò: omi adágún ńlá mẹ́rin ló ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú ìkarùn-ún, Ontario. Òkúta líle ló wà lókè, èyí tó rọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Omi á jẹ ti ìsàlẹ̀, ti òkè á já. Báyìí ló ṣe ń fà sẹ́yìn láti nǹkan bí 12,000 ọdún wá, tó fi kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 11.

Láyé àtijọ́, ìdáhùn ìbéèrè màámi ì bá rọrùn. Àwọn Seneca, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ni etí odò náà kó tó bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Ní 1805, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Porter ra ilẹ̀ létí omi náà. Ní 1816 wọ́n gba Goat Island, erékùṣù tó la omi náà sí méjì. Ewúrẹ́ ló fún erékùṣù náà lórúkọ. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Stedman kó ewúrẹ́ lọ síbẹ̀, òtútù ọdún 1780 pa wọ́n, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yẹn ló ṣì wà lórí máàpù títí dòní. Àwọn Porter ṣe afárá síbẹ̀, wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀. Àwọn míì kọ́ ilé ọlọ tí omi ń yí, àwọn míì kọ́ ilé iṣẹ́ bébà. Àwọn tí kò ní ọlọ, ogiri pákó ni wọ́n ṣe yí ilẹ̀ wọn ká, wọ́n dá ihò sí i lára, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fojú kan yọ wo omi. Ó débi pé, lẹ́yìn ọdún 1860, ẹni tí kò bá sanwó kò ríbi dúró sí wò ó ní gbogbo apá Amẹ́ríkà.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Láti ihò ògiri? Bí ẹni tó ń yọjú wo orò!"

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn kò fi í mọ sí ẹ̀rín. Ayàwòrán ńlá Frederic Church ti ya omi náà ní 1857, àwòrán rẹ̀ sì ti mú kí ojú gbogbo ayé wà lára Niagara. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo. Èkejì ni Frederick Law Olmsted, ẹni tó bá wọn ṣe ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní New York. Ní 1869, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jọ rìn káàkiri Goat Island, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà kan tí wọ́n pè ní Free Niagara. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1883, gómìnà Grover Cleveland, ẹni tó wá padà di ààrẹ, fọwọ́ sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti ra ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi máa díye lé e, ó ti lé ní mílíọ̀nù 1.4 dọ́là. Ẹ ronú sí i. Ìjọba fẹ́ kó owó tó tó báyẹn sílẹ̀, kì í ṣe láti gbin kòkó, kì í ṣe láti wa góòlù, bí kò ṣe kí aráàlú lè dúró wo omi. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú bínú sí i. Bí mo bá wà níbẹ̀, tí mo sì ń san owó orí, n kò lè búra pé n kò ní bínú.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1885, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Nínú gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òun ló pẹ́ jù. Wọ́n wó àwọn ilé ọlọ àti ilé bébà, ògiri oníhò náà bá wọn lọ. Nígbà tí Olmsted àti Calvert Vaux, alájọṣiṣẹ́ rẹ̀, gbé àwòrán ètò ọgbà náà jáde ní 1887, ohun tí wọn kò fẹ́ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ: kò sí òdòdó tí wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ, kò sí ère, kò sí ilé oúnjẹ. Igi, koríko àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń yí kọ́ríkọ́rí, kí ẹni tó ń lọ wo omi má báa kánjú débẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún ìyẹn. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà, orúnkún màámi sì gbádùn rẹ̀ ju àkàbà lọ.

Àmọ́ wọ́n ti gbé ère síbẹ̀ báyìí, ilé oúnjẹ náà sì wà. Ọ̀kan nínú àwọn ère náà ni ti Nikola Tesla lórí Goat Island, tó jókòó, tó gbé ìwé lé ẹsẹ̀. Itan rẹ̀ ti ń dán nítorí àwọn ọmọdé tó ń gùn ún ya fọ́tò. Màámi béèrè ẹni tó jẹ́. Mo ní bàbá iná ni. Ètò iná mànàmáná tiẹ̀ ni wọ́n lò nígbà tí ilé iṣẹ́ iná ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí omi yìí ní 1895. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, iná ti ibẹ̀ dé Buffalo, ìlú tí mò ń gbé. Láyé ìgbà yẹn, kí iná rin ọ̀nà tó jìn tó báyẹn, ohun ìyanu ni.

Màámi dúró. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti rí ibi tí èrè náà wọlé sí.

Bó ṣe rí nìyí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan omi Niagara, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7 lítà ló yẹ kó máa já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1950, Amẹ́ríkà àti Kánádà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kan. Lójú mọmọ, nígbà tí àlejò pọ̀, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 lítà kọjá fún ojú láti wò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí àwọn àlejò sì ti lọ sùn, tàbí tó bá di ìgbà òtútù, ìdajì ìyẹn ti tó. Ìyókù, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà lọ bá àwọn ẹ̀rọ amúnáwá. Ìsédò kan wà lókè odò náà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì í. Omi tí ẹ ń wò yẹn, ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń wọ̀n ọ́n fún yín.

"Wọ́n ń tì í bí ẹní ti ẹ̀rọ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lálaalẹ́."

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Tiwa, iná ni NEPA ń mú lọ. Tiwọn, omi ni wọ́n ń mú lọ kí iná lè wà." Wọ́n mi orí bí ẹni tó ti rí ìwé ìṣirò owó tó ń wá. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé àlejò wá síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ kó ṣe kedere tó báyẹn?

Èyí tí n kì í sọ fún àlejò, mo sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, wọ́n nílò ilẹ̀ tí wọ́n máa tọ́jú omi sí. Ilẹ̀ àwọn Tuscarora, ìran àwọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n mú lára rẹ̀, nǹkan bí 550 éékà. Àwọn Tuscarora gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n sì jẹ̀bi ní 1960. Adájọ́ Hugo Black tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà kọ ọ́ pé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè ńlá máa mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ bíi ti èèyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ náà dára, omi sì ti bo ilẹ̀ náà.

Omi náà ti dúró rí ṣá. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1848, yìnyín kó ara jọ sẹ́nu ibi tí odò náà ti ń jáde nínú adágún Erie, nítòsí Buffalo, ó sì dí i pa. Àwọn ará ìlú jí, wọn ò gbọ́ ariwo tí wọ́n bá nílé ayé. Ẹ̀rù ba àwọn kan, wọ́n sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn, àwọn tí màámi ì bá jọ wà nínú ẹgbẹ́ wọn, sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ, wọ́n ń ṣa ohun ìjà tó ti rì síbẹ̀ látìgbà ogun 1812 tí Amẹ́ríkà bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà. Kò pé ọjọ́ méjì tí omi fi padà pẹ̀lú ariwo.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Òkúta ti já wálẹ̀ jọ gègèrè sísàlẹ̀ omi ti apá Amẹ́ríkà, àwọn kan sì rò pé ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, àwọn ẹnjiníà ológun da òkúta àti yẹ̀pẹ̀ sódò láti etí ilẹ̀ dé Goat Island, gbogbo omi yà sápá Kánádà, apá Amẹ́ríkà sì gbẹ. Owó ẹyọ tí àlejò ti ń jù sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Èrò wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo àpáta tí omi kò sí lórí rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gbẹ́ ẹ wò, wọ́n fi irin dè é níbi tó ti fẹ́ já, ní ìkẹyìn wọ́n ní kí òkúta ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tú omi sílẹ̀.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ han màámi lórí fóònù. Àpáta dúdú, ìhòòhò, ó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ bí ẹnu arúgbó. Wọ́n ti fóònù náà sẹ́yìn. "Wọ́n tú u láṣọ lójú ọjà," ni wọ́n wí, wọn ò sì wò ó mọ́.

A rìn dé àwọn erékùṣù kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Three Sisters. Ibẹ̀ nìkan ni omi náà ti ń sún mọ́ èèyàn, tó ń sáré láàárín òkúta kó tó dé ibi tó ti ń já. Kí n tó yíjú, màámi ti ká ìró sókè, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi tí a mu tán nínú ọkọ̀. Mo di ọwọ́ òsì wọn mú gírígírí. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi náà ra iwájú orí, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, lẹ́yìn náà wọ́n bu ìgò náà kún. Omi Olúmirin ni wọ́n máa ń bù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ní kí wọ́n má mu ún o. Wọ́n ní ta ló sọ pé àwọn fẹ́ mu ún.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni hótẹ́ẹ̀lì Cataract House wà kí iná tó jó o ní 1945. Àwọn olówó láti àwọn ìpínlẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà a máa wá síbẹ̀ gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì kó ẹrú wọn dání. Àwọn adúláwọ̀ ló ń gbé oúnjẹ níbẹ̀, John Morrison sì ni olórí wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé àwo síwájú olówó ẹrú. Bí ààyè bá yọ, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹrú rẹ̀ sọdá sí Kánádà, níbi tí ẹrú ti ń di òmìnira. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan, Cecelia Jane Reynolds, gbà lọ ní 1846, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn tó kó o wá kàn fẹ́ wo omi ni.

Kí a tó padà sílé, mo gbé ọkọ̀ gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò, níbi tí afárá tí John Roebling fi okùn irin gbé kọ́ wà láyé 1855, tí rélùwéè ń gba orí rẹ̀ kọjá sí Kánádà. Afárá mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, ilé kan tí wọ́n ti ń sọ ìtàn àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A dúró níta, mo sọ ìtàn Joe Bailey fún màámi.

Maryland ni Joe ti ṣe ẹrú. Alágbára ni, iṣẹ́ gẹdú ló ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun rà á, ó nà án, kó lè mọ ẹni tó ni òun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1856, Joe bá Harriet Tubman sá, obìnrin tó ti bọ́ lóko ẹrú fúnra rẹ̀ tó sì ń padà lọ kó àwọn mìíràn jáde, wọ́n sì kéde 1,500 dọ́là fún ẹni tó bá mú un. Láti ìgbà tó ti gbọ́ iye yẹn ni ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè gùn orí afárá yìí, gbogbo èrò inú ọkọ̀ rọ́ sí ojú fèrèsé láti wo omi Niagara. Harriet pè é, ó ní kó wá wò ó, ó tún pè é. Joe kó orí sáàárín ọwọ́. Nígbà tí àwọn kan ń sanwó láti yọjú nínú ihò, ẹnì kan rèé tí wọ́n ń bẹ̀ kó wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbójú sókè.

Ọkọ̀ kọjá àárín afárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Harriet mọ̀ pé àwọn ti wọ Kánádà. Ó gbá Joe mú, ó mì í tìtì, ó ní ó ti di òmìnira. Ìgbà yẹn ni Joe gbójú sókè, omijé ń dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tó bẹ́ẹ̀ tí èrò fi pé lé e lórí. Ó ní ìrìn àjò kan ṣoṣo ló tún kù fún òun báyìí, òun náà ni ọ̀run. Harriet wò ó títí. Ó ní, ìwọ òmùgọ̀ àgbà yìí, ò bá tiẹ̀ kọ́kọ́ wo omi ná, kó o tó máa lọ sọ́run!

Màámi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti fara ti ọkọ̀. Wọ́n ní ará Ìjẹ̀ṣà ni obìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá àwọn jiyàn rẹ̀. Láti ibẹ̀ títí dé Buffalo, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún sọ ọ́, kó o tó máa lọ sọ́run, ẹ̀rín á tún bẹ̀rẹ̀, ìgò omi náà wà láàárín itan wọn.